Àwòṣe TCR tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ìlọrin

Àwòṣe tí wọ́n sábà máa ń gbé wá sí kíláàsì lórí bí sẹ́ẹ̀lì T (ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara) ṣe ń dá nǹkan àjèjì mọ̀ ni ti kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo: ìrísí méjèèjì bára mu, ilẹ̀kùn ṣí. Ó rọrùn láti gé ní páálí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà níbi méjì. TCR, pùrótéènì ojú sẹ́ẹ̀lì T tó ń ṣe iṣẹ́ ìdánimọ̀ yìí, kì í rí pùrótéènì fáírọ́ọ̀sì lódidi rárá. Inú sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ni proteasome, ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gé pùrótéènì, ti ń gé e wẹ́wẹ́. TAP, ẹnu ọ̀nà kan, á kó àwọn ègé náà wọ inú ER, yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to pùrótéènì. Èyí tó bá bá MHC ẹni náà (pùrótéènì bí abọ́ tó ń gbé ègé hàn) mu ni MHC á gbé jáde sí ojú sẹ́ẹ̀lì. Ègé yẹn, pẹ́pítáìdì tí kì í sábà ju amínò ásíìdì (ẹyọ tí a fi ń kọ́ pùrótéènì) 8 sí 10 lọ, àti MHC tó gbé e dání, ni TCR ń kà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí MHC bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ègé kan náà lè wà níbẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì T má kà á sí. Zinkernagel àti Doherty ló fi èyí hàn ní 1974. Ẹ̀bùn Nobel wọn dé ní 1996.

Ibi kejì ló bí iṣẹ́ yìí. TCR kan wà tí wọ́n ń pè ní A6. Ohun tó ń dá mọ̀ ni ègé kan lára Tax, pùrótéènì fáírọ́ọ̀sì HTLV-1, nígbà tí HLA-A2, ọ̀kan lára oríṣi MHC ènìyàn, bá gbé e dání. Ìrísí wọn jáde ní 1996, nọ́ńbà rẹ̀ nínú PDB, àkójọ ìrísí àwọn pùrótéènì, sì ni 1AO7. Ní 1999, àwọn mẹ́ta mìíràn tún jáde tí amínò ásíìdì kan ṣoṣo ti yí padà nínú ègé náà: V7R, P6A àti Y8A (lẹ́tà àkọ́kọ́ ni amínò ásíìdì tó wà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ni ipò rẹ̀, lẹ́tà kejì ni èyí tó rọ́pò rẹ̀). Tax ń jí sẹ́ẹ̀lì T dáadáa, V7R ń jí i díẹ̀, P6A àti Y8A kì í jí i, ńṣe ni wọ́n tún ń dí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí a bá to ìrísí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ gé wọn ní páálí á kàn gé nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin ni. Àlàyé tó múná dóko jù ni pé bí TCR ṣe pẹ́ tó lórí ègé kó tó jábọ́ ló ń pinnu, ìṣẹ́jú àáyá péréte ni gbogbo ẹ̀ sì jẹ́. Nítorí náà, àwòṣe tí a kọ́ yìí ní láti máa mì, kó máa dì mú, kó máa jábọ́, kí iná rẹ̀ má sì tàn àfi tí ìdìmú bá pẹ́ tó.

Òṣùwọ̀n àti àwòrán

Mìlímítà 5 dúró fún Å 1 (angstrom, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá mìlímítà). Àlàfo awọ sẹ́ẹ̀lì méjèèjì níbi tí TCR ti di MHC mú tó nǹkan bí Å 150. Ó di sẹ̀ǹtímítà 75, tábìlì kan gbà á. Láti Cα (kábọ́ọ̀nù àárín) amínò ásíìdì kan sí èkejì jẹ́ Å 3.8, ìyẹn mìlímítà 19. Níbi tí okùn pùrótéènì ti lọ́ bíi sípíríǹgì (ìlọ́ la ó máa pè é), amínò ásíìdì 3.6 ló ń yí po lẹ́ẹ̀kan, yíyípo kan sì ń gbé e sókè ní mìlímítà 27. Ìdábùú ìlọ́ láti Cα sí Cα jẹ́ mìlímítà 23. Àwọn okùn β tó tẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fi mìlímítà 24 jìnnà síra.

Inú ChimeraX, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìrísí pùrótéènì hàn, la ti ṣí 1AO7. Okùn A ni MHC fúnra rẹ̀, B ni β2m, pùrótéènì kékeré tó máa ń bá a rìn, C ni pẹ́pítáìdì, D àti E ni α àti β ti TCR. Kí ẹ tó fi àwòrán pamọ́, ẹ tẹ `camera ortho`. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó wà níwájú á tóbi ju èyí tó wà lẹ́yìn lọ, òṣùwọ̀n yín ti bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ fa ìlà mìlímítà 100 sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà kó tó di títẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìwé ní Tánkè máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sún àwòrán kí ó lè wọ ojú ewé, ìlà 100 á sì di 94 tàbí 96. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Abọ́ MHC

Púláìwúùdù mìlímítà 12 ni ìpìlẹ̀. Lábẹ́ abọ́ ni α3 (apá ìsàlẹ̀ MHC; α1 àti α2 ni òkè tó ṣe abọ́) àti β2m wà. Igi lásán la fi ṣe méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 200 × 125 × 125 mìlímítà, láti inú àjákù pákó ní Sawmill. Iṣẹ́ wọn nínú àwòṣe yìí kò ju kí wọ́n wúwo lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Ìlọrin á kọ́kọ́ ronú amọ̀ àwọn amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele. Fún ìwúwo, amọ̀ dára. Fún abọ́ fúnra rẹ̀, rárá. Amọ̀ máa ń sún kì nígbà tó bá gbẹ àti nígbà tí wọ́n bá sun ún, kì í sì í sún ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Ihò méjì tí a wọ̀n sí ibi tó yẹ kò ní sí níbẹ̀ mọ́ tó bá ti iná jáde.

Okùn β mẹ́jọ ló ṣe ilẹ̀ abọ́. Wáyà bàbà onírọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé ni kí ẹ lò fún wọn, kí rọ́bà ara rẹ̀ wà níbẹ̀ láìbó. Ìdí rẹ̀ á hàn níwájú.

Ìlọ́ méjì ló ṣe ògiri abọ́, ibí sì ni iṣẹ́ ti gba sùúrù. Wáyà irin oní-mìlímítà 2.5 tí wọ́n ti fi sínkì bò la lò, láìkùn ún lọ́dà rárá. Ìlọ́ α1 lọ láti ipò 57 sí 84, amínò ásíìdì 28. Ẹni tó bá fi 28 × 19 ṣírò á gé sẹ̀ǹtímítà 53, á sì rí i pé ìlọ́ òun parí kó tó dé òpin, ó ku nǹkan bí amínò ásíìdì mẹ́ta. Mìlímítà 19 jẹ́ ọ̀nà tààrà láti Cα sí Cα, wáyà sì ń gba ẹ̀yìn yípo ni. Yíyípo kan ń jẹ wáyà mìlímítà 77, ẹ pín in sí 3.6, ó di 21.4 fún amínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 60 ni α1 nílò, ẹ fi márùn-ún kún un ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan fún sókúrúù.

Ohun tí a fi lọ́ ọ ni páìpù oní-mìlímítà 20 tí àwọn oníná máa ń rì sínú ògiri. Páìpù 20 pẹ̀lú wáyà 2.5 jẹ́ 22.5 láti àárín wáyà sí àárín wáyà, tí ẹ bá sì ti tú ọwọ́ sílẹ̀, wáyà á fà sẹ́yìn díẹ̀, á bọ́ sí 23 tí a ń wá. Ẹ lọ́ ọ mọ́ra pinpin, kí ẹ tó fà á títí yíyípo kan á fi tó mìlímítà 27. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìlọ́ pùrótéènì ń yí sí. Ẹ gbé sókúrúù ìgbàlódé kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ìlà ara sókúrúù bá ṣe ń dàgẹ̀rẹ̀ ni kí ti wáyà yín ṣe dàgẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá yí sí òsì kò ní àtúnṣe. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ yí i po, òsì náà ni. Wáyà tuntun ló kù.

Ìlọ́ α2 kò tọ́ gbọọrọ. Láti 138 sí 150 jẹ́ apá kan, láti 152 sí 174 jẹ́ èkejì, ó sì ṣẹ́ láàrin wọn. Bí ẹ bá fi wáyà kan ṣe é láìṣẹ́ ẹ, ẹnu abọ́ á fẹ̀ jù ní apá kan. A fi mìlímítà 90 sí àárín ìlọ́ méjèèjì, a sì gbé wọn sókè kúrò lórí ilẹ̀ abọ́ pẹ̀lú ìdúró onígi, kì í ṣe onírin. Nígbà tí ìrísí HLA-A2 kọ́kọ́ jáde ní 1987 láti Harvard, ìwọ̀n ihò rẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni Å 25 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, 11 ní jíjìn. Lọ́dọ̀ wa ìyẹn jẹ́ 125, 50 àti 55 mìlímítà. Fífẹ̀ tó kù láàrin wáyà méjèèjì jẹ́ ti àwọn ẹ̀ka amínò ásíìdì tí a kò kọ́.

Igi pẹlẹbẹ kan tó ṣeé yọ wà lórí ilẹ̀ abọ́, ihò méjì sì wà lára rẹ̀. Pẹ́pítáìdì fi ẹsẹ̀ ipò 2 àti ipò 9 bọ ibẹ̀. HLA-A2 fẹ́ràn leucine tàbí methionine ní ipò 2, ó sì fẹ́ràn valine tàbí leucine ní ìparí. Pẹ́pítáìdì tó bá ní lysine ní ipò 2 kò lè wọlé: a fi igi tó nípọn jù ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lè bá a pàdé. Ìdí tí igi náà fi ń yọ ni pé abọ́ ènìyàn yàtọ̀ síra. HLA-B53, tí ìwádìí ọdún 1991 lórí àwọn ọmọdé ní Gambia so mọ́ ààbò lọ́wọ́ ibà tó le, proline ló ń fẹ́ ní ipò 2. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ibí nípa ibà á rí i pé igi kejì yìí ló máa ń fa ìbéèrè jù.

Pẹ́pítáìdì

Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́sàn-án lórí wáyà bàbà tín-ín-rín, mìlímítà 19 láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan: L L F G Y P V Y V. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 152. (Ìlú tí wọ́n ti ń dán lántànà láyé àtijọ́ kò gbọdọ̀ máa fi ike ṣe ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ ike ló fúyẹ́.) Ihò abọ́ jẹ́ 125, orí àti ìdí rẹ̀ sì dí, nítorí náà àárín okùn náà kò ní ibi tó máa gbà ju òkè lọ. Ibi tó wú sókè yẹn ni TCR ń bá pàdé. Ìlẹ̀kẹ̀ 2 àti 9 ní ẹsẹ̀ tó kọjú sísàlẹ̀; igi ṣóńṣó tí wọ́n fi ń sun súyà la gé fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ 5, tyrosine, kọjú sókè, wáṣà irin kékeré kan sì wà lórí rẹ̀.

Mẹ́rin la ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló sì yàtọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdìmú wọn la fi bébà yàtọ̀: ti Tax kò ní bébà lórí wáṣà, V7R ní díẹ̀, P6A àti Y8A ní jù. Bébà A4 kan nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń dín agbára òòfà kù. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù dípò bébà. Gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ máa ń mú òòfà fúnra rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìdìmú tí kò sí nínú ìṣirò.

TCR

Orí TCR ni Vα àti Vβ (ìpẹ̀kun okùn α àti ti okùn β). Fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí fíríìjì ni wọ́n, ìwọ̀n kan náà bíi ti α3, nítorí TCR á máa rọ̀ lókè, kò sì gbọdọ̀ wúwo. Gọ́ọ̀mù aláwọ̀ pupa-rẹ́súrẹ́sú tí àwọn ṣúmékà ń lò máa ń jẹ fóòmù yìí ni, ó ń yọ́ ọ bí ẹni da ásíìdì sí i. Ọ̀dà tí wọ́n ń fín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni kí ẹ lò. Ẹ fi bébà ìwé ìròyìn àti gọ́ọ̀mù funfun yìí bò ó ní ìpele mẹ́ta, kó gbẹ dénú, kí ẹ tó kùn ún. Nígbà ọyẹ́, ojú rẹ̀ á gbẹ kí inú tó gbẹ, bébà á sì là. Ẹ fi ọ̀rá bò ó fún òru kan.

Wáyà mẹ́fà ló jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta: CDR1, CDR2, CDR3, àwọn ìka tí TCR fi ń kan MHC àti pẹ́pítáìdì. Wáyà iná ilé oní-1.5 la lò, àwọ̀ rọ́bà rẹ̀ sì gba owó ọ̀dà sílẹ̀: dúdú fún 1, búlúù fún 2, pupa fún 3. CDR1 àti CDR2 wà nínú jíìnì V bí a ṣe jogún rẹ̀, nítorí náà a lẹ̀ wọ́n mọ́ fóòmù pátápátá. CDR3 ni ibi tí àwọn ègé jíìnì V, D àti J ti so pọ̀ (okùn α kò ní D). Ẹ́ńsáìmù RAG ló ń gé wọn, ẹ́ńsáìmù TdT ń ki lẹ́tà DNA sí ojú ìsopọ̀ láìní àwòkọ, ìdí nìyẹn tí CDR3 fi ń yàtọ̀ láti sẹ́ẹ̀lì T kan sí òmíràn. Kọnẹ́kítọ̀ oníná la fi mú wáyà pupa méjèèjì: ẹ tú sókúrúù, ẹ fa ti àtijọ́ yọ, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, ẹ ti ní TCR tuntun.

Láàrin CDR3 méjèèjì ni òòfà wà, nítorí nínú 1AO7 gan-an, tyrosine ipò 5 wọ àpò kan láàrin CDR3α àti CDR3β. Bọ́tìnì olóòfà tí àwọn aránṣọ fi ń pa ẹnu báàgì dára. Òòfà inú sípíkà lágbára jù. TCR kì í dì mọ́ nǹkan líle: agbára ìdìmú rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin máíkírómólà 1 sí 100, nígbà tí ti ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní antibody ń wà ní nánómólà (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìdìmú ṣe le tó). Òòfà tí kò jábọ́ ti sọ TCR yín di antibody.

TCR ò gbọdọ̀ dúró ní gbọọrọ sórí ihò abọ́ tàbí kó dábùú rẹ̀ pátápátá. Ó dàgẹ̀rẹ̀, ti A6 sì lé díẹ̀ ní dígírì 30. Vα wà lókè ìlọ́ α2 àti ìdajì àkọ́kọ́ pẹ́pítáìdì, Vβ wà lókè ìlọ́ α1 àti ìdajì kejì. Bí ẹ bá yí i sódì, òòfà á ṣì mú, ojú á sì rí i pé ó dára. Ẹ sàmì sí fóòmù.

Iná

Ẹ bó orí wáyà CDR1 àti CDR2 ní mìlímítà 5, kí ẹ so ti Vα àti ti Vβ pọ̀ nínú fóòmù. Nígbà tí Vα bá kan α2, tí Vβ sì kan α1, iná mànàmáná á lè kọjá láti ìlọ́ kan sí èkejì. Bó bá kan ẹyọ kan, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Òòfà lórí pẹ́pítáìdì nìkan kò tó, abọ́ nìkan kò tó: ohun tí Zinkernagel àti Doherty rí ní 1974 nìyẹn.

Bátìrì 9 V. Rẹ̀sístọ̀ 100 kΩ láti pọ́sítíìfù sí kàpásítọ̀ 47 µF. Ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ tó ní ìlà lọ sí nẹ́gátíìfù. Láti orí kàpásítọ̀, dáyóòdù zener 4.7 V lọ sí bésì tìráńsístọ̀ BC547 àkọ́kọ́, tó ń tan LED pẹ̀lú rẹ̀sístọ̀ 1 kΩ. BC547 kejì ni olùparẹ́: kọlẹ́kítọ̀ rẹ̀ gba inú 100 Ω lọ sí orí kàpásítọ̀, bésì rẹ̀ gba inú 47 kΩ lọ sí pọ́sítíìfù. Ẹ so bésì yìí mọ́ ìlọ́ α1, kí ẹ so ìlọ́ α2 mọ́ nẹ́gátíìfù. Nígbà tí TCR kò sí lórí abọ́, olùparẹ́ ń ṣiṣẹ́, kàpásítọ̀ ṣófo. Bí TCR bá ti bà lé e, olùparẹ́ kú, kàpásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Bó bá jábọ́ kí kàpásítọ̀ tó kún dé ojú ìwọ̀n, gbogbo rẹ̀ á dà nù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

McKeithan ló gbé irú ìrò yìí kalẹ̀ fún TCR ní 1995. Ohun tí kàpásítọ̀ dúró fún ni àwọn ìgbésẹ̀ tó ń tẹ̀ léra lẹ́yìn ìdìmú: ẹ́ńsáìmù Lck á fi fọ́sífétì sí ara ITAM (ojú ibi àmì) mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà lára CD3, àwọn pùrótéènì tó ń bá TCR rìn; ẹ́ńsáìmù ZAP-70 á wá jókòó síbẹ̀, lẹ́yìn náà á kan LAT, pùrótéènì tó ń gbé ìròyìn síwájú. Bí TCR bá tètè jábọ́, àwọn mìíràn á yọ fọ́sífétì náà kúrò.

Ìṣirò á sọ pé LED á tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 4 lé díẹ̀. Á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dáyóòdù 4.7 V ti ń jo kó tó dé ojú ìwọ̀n nígbà tí iná tó ń gba inú rẹ̀ bá kéré báyìí. Ẹ fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ sí i, ẹ fi kàpásítọ̀ 100 µF rọ́pò, ẹ má fi kún 100 kΩ, torí LED á ṣókùnkùn. Bí wọ́n bá sì fún yín ní C1815 dípò BC547 lọ́jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tò bákan náà: tí ojú pẹlẹbẹ bá kọjú sí yín, BC547 jẹ́ C, B, E; C1815 jẹ́ E, C, B.

Títò ó

Rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò ni TCR fi rọ̀ láti pákó òkè. Mọ́tò kékeré 3 V láti inú ẹ̀rọ DVD tó ti kú wà lórí pákó náà, a sì jó òjé díẹ̀ (lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà) mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá rẹ̀ kó lè máa gbọ̀n. Ẹ gbé pẹ́pítáìdì Tax sí abọ́. Ẹ dín rọ́bà tàbí kí ẹ tú u títí òòfà á fi rọ̀ ní mìlímítà 5 sí 10 lókè wáṣà. Gbígbọ̀n á gbé e dé ibẹ̀, á sì tún já a. Nígbà tí Tax bá ń tan iná ní ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá dì mú, ẹ má fọwọ́ kan rọ́bà mọ́. Bébà nìkan ni kí ẹ fi tún àwọn mẹ́ta yòókù ṣe, títí V7R á fi máa tan iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí P6A àti Y8A á fi máa bà, kí wọ́n sì jábọ́ láìtan nǹkan kan. Ìgbà méjì kò ní rí bákan náà fún pẹ́pítáìdì kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo àkókò sílẹ̀, kí wọ́n yà á sí gíráàfù, torí àárín gbùngbùn rẹ̀ ló ní ìtumọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé dídí tí P6A àti Y8A ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kò sí nínú àwòṣe yìí, pé CD8, pùrótéènì ojú sẹ́ẹ̀lì T tó ń di α3 mú, kò sí níbẹ̀, àti pé nínú MHC tòótọ́, okùn kan ṣoṣo ni α1 àti α2. Àwa la gé e nítorí iná.

Iná tí kò kú rárá: irin kan ló so ìlọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ abọ́, bóyá rọ́bà wáyà ti bó níbi tí ìṣó gbà. Lẹ́yìn náà sókúrúù ìdúró, bóyá ó gùn dé irin lábẹ́ pákó. Iná tí kò tàn rárá nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ TCR mọ́ abọ́: ẹnu bàbà ti dúdú, pàápàá nígbà òjò. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha á, ẹ má ha ìlọ́ lágbára, kí sínkì ara rẹ̀ má bàa tán kó sì dípẹtà. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi wáyà kan so α1 mọ́ α2. Bó bá tàn, orí TCR ni àìsàn wà. Bí kò bá tàn, ẹ yí LED po kí ẹ tó tú tìráńsístọ̀.